Táígà Kì í Ṣe Ti Ògún

Fọláyọ̀ kì í ṣe ìlérí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yẹ èyí tó bá ṣe. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ àti Ìmísí, ọmọ wọn, ṣáájú lọ sí Kánádà, ó ṣe ìlérí kan ṣoṣo fún ọmọ náà: Táígà, ajá wọn, kò ní ṣẹ́ kù sí Ifẹ̀. Ìmísí nu ojú rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò. Ó mọ ìyá rẹ̀.

Fọláyọ̀ ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó mú ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, wọ́n sì kọ ìwé fún un pé ara rẹ̀ le. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí tí ajá lè dìde dúró nínú rẹ̀, kó sì lè yí ara padà, kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Inú àpótí náà ló ti ń fún Táígà lóúnjẹ títí ó fi di yàrá fún un. Ìyábọ̀dé, aládùúgbò rẹ̀, kò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn ń tò sí ẹ́ḿbásì nítorí físà, ajá tiyín ti ní yàrá tó máa gbé lọ sókè òkun! Ṣé kò nílò ẹni tí á máa bá a fọ aṣọ níbẹ̀?"

"Bó bá nílò rẹ̀, mo máa pè ọ́," Fọláyọ̀ ní, kò sì gbójú sókè.

Àlàní, awakọ̀ tó ń fi mọ́tò Pijó rẹ̀ ná Ifẹ̀ sí Èkó, ni Fọláyọ̀ bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀. "Mo fẹ́ kí o gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà," ló wí. "Ajá kan máa bá wa lọ. Má gba èrò mìíràn."

Ojú Àlàní tàn. "Ajá kẹ̀? Ẹ ṣeun gan-an, Mọ́mì Ìmísí. Ẹ̀yin mọ ohun tó yẹ."

Fọláyọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Àlàní dé pẹ̀lú iṣu sísun, ìgò epo pupa àti kẹ́ẹ̀gì ẹmu nínú ọkọ̀.

"Kí ni gbogbo èyí?" Fọláyọ̀ bi í.

"Ti Ògún ni. Ẹ̀yin náà ti mú ajá wá. Wọ́n ń dúró dè wá ní gáréèjì."

Fọláyọ̀ wo iṣu, ó wo Táígà. "Ta ló sọ fún ọ pé ti Ògún ni ajá yìí?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ ní ẹ̀ ń rìnrìn àjò, ẹ ní ajá máa bá wa lọ. Kí lèèyàn tún ń fi ajá ṣe nínú mọ́tò?"

"Kánádà ló ń bá mi lọ."

Àlàní bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu dé. "Ajá? Nínú bààlúù? Èmi fúnra mi ò tíì wọ bààlúù rí!" Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù dé sí ojú rẹ̀. "Mọ́mì, wàhálà dé. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi mú lójú gbogbo ẹgbẹ́ awakọ̀, mo ní ajá yín ti di ti Ògún. Bí mo bá wá fi mọ́tò kan náà gbé e lọ jayé, èmi ni Ògún máa mú lójú ọ̀nà. Mi ò lè gbé e. Kò sì sí awakọ̀ Ifẹ̀ kan tí á gbé e."

Òótọ́ ló sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sì ni bààlúù máa gbéra. Fọláyọ̀ kò pariwo, kò sì bẹ̀ ẹ́.

"Gbé àpótí náà sí mọ́tò."

"Mọ́mì, mo ní—"

"Gáréèjì là ń lọ. Ṣé o lè gbé e dé gáréèjì?"

Ìyẹn ò léèwọ̀.

Àwọn awakọ̀ ti pé sídìí òkìtì irin àtijọ́ tó jẹ́ ojúbọ Ògún wọn. Wọ́n hó yèè nígbà tí wọ́n rí àpótí. Abdulwahab, ọ̀kan nínú wọn, bẹ ojú wo inú rẹ̀. "Ajá yìí sanra jù mí lọ! Èmi ò jẹ ajá ṣá o. Iṣu ni tèmi."

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀ kí Bàbá Lágúnjú, olórí wọn, ó sì dìde.

"Bàbá, ẹjọ́ ni mo mú wá. Bí èèyàn bá jí ajá ẹlòmíràn tó fi bọ Ògún, ṣé Ògún á gbà á?"

"Ọ̀run ara rẹ̀ ló ń wá," ni bàbá náà dáhùn.

Fọláyọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Àlàní, ó dì í mú. Ó ya gbogbo gáréèjì lẹ́nu, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ará ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tirẹ̀, òótọ́ ò yí padà nítorí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́.

"Mo di irin mú. Ọmọ mi ló ni ajá yìí. Mi ò fún Àlàní, mi ò fún Ògún, ẹnì kankan ò sì bi mí. Bí mo bá purọ́, kí irin yìí dá mi lẹ́jọ́ lọ́nà Èkó tí mò ń lọ yìí."

Bàbá Lágúnjú yíjú sí Àlàní. "Ṣé o bi í?"

"Bàbá, wọ́n ní ajá máa—"

"Mo ní, ṣé o bi í!"

"Mi ò bi wọ́n."

"O fi ohun olóhun jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọrùn rẹ ni ẹ̀jẹ́ náà wà. Lọ wá ajá tìrẹ."

"Èyí ńkọ́, Bàbá? Ṣé mo lè gbé e lọ?"

"O ti gbà láti gbé obìnrin yìí àti ajá rẹ̀ kí o tó ṣèlérí kankan fún wa. Bí o kò bá gbé wọn ni Ògún máa bínú."

"Ajá lè máa lọ," Abdulwahab ké, "iṣu ò gbọdọ̀ kúrò ńbí o!"

"Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù," Fọláyọ̀ ní. "Àlàní, bu tìẹ sọ́wọ́. A ti pẹ́."

Wọ́n kọjá Ìkirè. Lẹ́yìn náà ni Àlàní bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn lemọ́lemọ́, tó ń béèrè bóyá òùngbẹ ò máa gbẹ ajá náà, tó sì ń rọra gba inú kòtò ojú ọ̀nà.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, òṣìṣẹ́ kan ka àwọn ìwé náà, ó tún wọn kà, kò rí àṣìṣe kankan. Wọ́n gbé àpótí sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àlàní ṣí fìlà.

"Mọ́mì, ajá tí mo máa rà fún Ògún, orúkọ wo ni kí n sọ ọ́?"

"Má sọ ọ́ lórúkọ rárá."

Fọláyọ̀ dúró títí àpótí náà fi kọjá ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló tó mú ìwé ìrìnnà tirẹ̀ jáde.