Ẹ̀kọ́ Ewé Tábà

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Stamena fi di ọ̀rọ̀ Persa sínú.

Stamena ti lé ní ogójì ọdún nígbà tọ́rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, tó ń wá bí òun ṣe máa fúnra òun ka lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ ń kọ láti bárékè ológun. Persa, tí ò ju ọmọdé àná lọ, ni tíṣà kíláàsì àgbà lábúlé wọn. Ohun tó bá kọ sí pátákó, kí gbogbo wọn kà á lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ Stamena bá bà ló máa ń wọ̀ ọ́ lórí. Ló bá mú okùn tí wọ́n fi ń sín ewé tábà, ó fi ń ṣe lẹ́tà sórí tábìlì. Persa gbá a dànù.

"Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi nìyí? Dìde, kọjú sógiri!"

Ojú ìyàwó ọmọ Stamena, tóun náà wà ní kíláàsì, ló ti ṣẹlẹ̀. Stamena ò padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ọmọdé tán lábúlé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Persa wáṣẹ́ wá sílé tábà tí Stamena ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Tí Persa kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ewé sí ìsọ̀rí mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò ní ríṣẹ́ náà. Stamena ni wọ́n ní kó kọ́ ọ.

Persa yọ bírò.

"Kí lo fẹ́ fìyẹn ṣe, Tíṣà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Stamena, tí n ò bá kọ nǹkan sílẹ̀, kì í dúró lórí mi."

"O ti rí tábà tó ń kàwé rí?" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Gbé e sápò. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n."

Stamena mọ̀ pé tí Persa bá kọ ìlà mẹ́rin péré sílẹ̀, ọjọ́ kan ti tó o láti mọ iṣẹ́ náà. Ìdí tó fi kọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì dùn mọ́ ọn dénú eegun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òkìtì mẹ́ta ni Persa ṣà lódì. Ọ̀gá gbé ìwé wá kí Stamena fọwọ́ sí i.

"Ká ní ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni," Persa ń sunkún, "ǹ bá ti mọ̀ ọ́n."

"Ká ní o jẹ́ kí n fọwọ́ mọ lẹ́tà lọ́jọ́sí ni, ǹ bá ti mọ̀wé. N ò mọ̀ ọ́n. Gbà, kà á fún mi."

Persa kà á: "Persa ò lè kọ́ṣẹ́ yìí."

"Gbóhùn sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un kà.

"Èwo ni orúkọ rẹ níbẹ̀?"

Persa nàka sí i. Stamena ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ lé orúkọ náà gan-an.