Àlùfáà Inú Ìwé Bọ̀dá Òǹkọ̀wé

"Ta ló sọ fún ẹ pé irọ́ ni? Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á ni?"

Bọ̀dá Òǹkọ̀wé, àbúrò ìyá mi, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wa, tòun ti ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ni mo ń ra ìwé fún ilé ìkàwé, ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀: bí n bá tún gbé ìwé yẹ̀yẹ́ sórí pẹpẹ ìtàn, ẹlòmíì ni yóò máa ra ìwé. Ìwé ìtàn káàdì táró ló ní kí n wá báyìí, àwọn káàdì alàwòrán tí àwọn kan fi ń wo ọjọ́ iwájú. Bọ̀dá gbọ́ fìn-ín, ló bá gbé èyí tó kọ fúnra rẹ̀ dé.

"Ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀, Bọ̀dá. Ibo lẹ ti rí i pé àlùfáà Íjíbítì ló yà wọ́n?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé ò kọ̀wé." Mo na ìka sí ìwé méjì tí mo yá ní yunifásítì, tí wọ́n ki bíi búlọ́ọ̀kù. "Àwọn wọ̀nyí sọ pé Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ta ayò ni wọ́n ṣe ń ta á. Ọ̀rọ̀ Íjíbítì, ará Faransé kan ló gbé e dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: ìwé ìnáwó ààfin, káàdì àtijọ́ tó wà ní mùsíọ́mù. Ẹ ṣí ẹ̀yìn tiyín."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Iwájú ni mo kọ."

"Ohun tó ń ṣe é náà nìyẹn."

Ìwé mẹ́ta ló kàn dárúkọ láàárín ìwé rẹ̀ bí ẹ̀rí. Mo ti yẹ wọ́n wò. Èkíní ní ẹnu èkejì lòun ti gbọ́, èkejì ní ká bi ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ní ká padà sọ́dọ̀ èkíní.

"Olè mẹ́ta ló ń jẹ́rìí fún ara wọn, Bọ̀dá."

"Ẹnu ẹ mú ju abẹ lọ." Ó wá ṣí ojú ewé tó ní fọ́tò. Ọkùnrin kan kọ̀yìn sí wa, aṣọ funfun balẹ̀ lára rẹ̀, àmì dúdú kan wà léjìká. "Arọ́mọdọ́mọ àwọn àlùfáà ọ̀hún rèé, nínú aṣọ oyè. Àmì ìmùlẹ̀ wọn nìyẹn. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù ẹ mú irú èyí wá."

Ìwé ni mo mọ̀ ọ́n bá jà, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlẹ́rìí alààyè jà.

Màmá gbé tíì wọlé. Nílé wa, bí Màmá bá ti dájọ́, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Bó bá ní kí n gba ìwé àbúrò òun, mo máa gbà á ni, kí ọ̀gá mi wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣé èyí ò tó ẹ̀rí?"

Màmá gbé tíì kalẹ̀, ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àlùfáà títí.

"Ìmùlẹ̀ wo? Áyọ̀nù mi ló jó o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń wá láti ìgbà tí o ti wá sùn síbí nìyí. Lọ gbé e wá."