Ọjọ́ Ta Ni Òní?

Ọjọ́ tí ilé-ìwé gba ìsinmi gan-an ni dókítà sọ pé bàbá Lọ́yà kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìrìn àjò ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, létí adágún omi, tí àwọn ọmọ ti ń retí láti oṣù mẹ́ta, ṣe forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Káfíńtà tó ń kan òrùlé ni bàbá náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí páànù tí òjò ti pa, ó já bọ́, egungun ojúgun rẹ̀ sì kán. Nǹkan funfun líle bí òkúta ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà ní ilé ìwòsàn, láti orúnkún dé ọmọ ìka.

Ilé búrẹ́dì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń débẹ̀, ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí ló ń padà, tòun ti fúláwà nínú irun bí arúgbó. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ìsinmi náà, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣi ilé yà. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri nínú yàrá. Lọ́yà, ọmọbìnrin ọdún méjìlá tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò, nà gbalaja sórí àga, ó tẹjú mọ́ fóònù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìjì, ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù: gbà, gbà, gbà.

"Ṣé báyìí la máa ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" ó bi wọ́n.

"Kí la tún fẹ́ ṣe, Màmá?" Lọ́yà dáhùn. "Ìsinmi ti kú. A ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni."

Ó ti rẹ obìnrin náà débi pé àga tó wà níwájú rẹ̀ ń pè é lórúkọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè jókòó, gbogbo ilé ti jókòó pẹ̀lú òun nìyẹn. Ó ya páálí kan tí wọ́n fi kó búrẹ́dì, ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà sí i, ó kọ orúkọ sínú ìlà, ó sì kàn án mọ́ ògiri pálọ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Láti ọ̀la lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Ohun tí ẹni tó lọjọ́ bá ní ká ṣe, òun la máa ṣe, inú ilé yìí náà la sì ti máa ṣe é. Kò sí 'ó rẹ̀ mí', kò sí 'mi ò ṣe'. Ọ̀la, Ìjì. Ọ̀túnla, Lọ́yà. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá yín. Lẹ́yìn bàbá yín, èmi."

"Ẹ yọ mí kúrò," ohùn kan ti inú yàrá wá.

"Orúkọ yín ti wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù yìí ò ní irésà."

Ní ọjọ́ kejì, Ìjì sọ ilẹ̀ pálọ̀ di odò. Orí àga, ẹní àti ìrọ̀rí nìkan lèèyàn lè tẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti di ẹja, ẹja kì í sì í sọ̀rọ̀. Ìyá wọn, tó ti wà lórí ìdúró láti ìdájí, gbé ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́, ó ń fò láti orí ìrọ̀rí bọ́ sórí àga bí ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́yà kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ di ẹja, tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí wọ́n bá òun gbé abọ́, ó rẹ́rìn-ín títí òun náà fi já sódò. Ìjì pe ibùsùn bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi. Ó gùn ún, ó ní, "Ọ̀gá awakọ̀, níbo là ń lọ?"

Bàbá náà fa aṣọ borí.

Ilé ẹjọ́ ni Lọ́yà dá sílẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú ìyá rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ó fi òwú lé orí bí irun adájọ́. Ó dá Ìjì lẹ́bi ariwo bọ́ọ̀lù, ó ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi híhan-run, ó ní kó lọ fi oorun wákàtí kan jìyà. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́. Lẹ́yìn tó ti jìyà tán, ilé ẹjọ́ ṣí lọ sínú yàrá.

"Wọ́n fẹ̀sùn kàn yín pé ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹbí yín fún ọjọ́ márùn-ún gbáko," ni Lọ́yà wí. "Ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

"Ẹ jáde!" Ohùn náà le débi pé Ìjì bú sẹ́kún. "Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Lọ́yà bọ́ aṣọ dúdú náà, ó ká a, ó padà sórí àga rẹ̀, ó mú fóònù. Ìyá wọn pa ilẹ̀kùn yàrá dé, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Àwọn ọmọ ò ṣẹ̀ yín."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ló kù tí wọ́n máa fi ṣeré?"

"Wọn ò rí ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n ń rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀. "Bàbá Lọ́yà, mò ń po fúláwà lówùúrọ̀, mò ń wẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, mi ò ráhùn. Àmọ́ mi ò ní gbà kí ilé yìí dà bí ilé òkú nígbà tí kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀la, ọjọ́ yín ni."

"Mi ò lóhun tí mo fẹ́ ṣe."

"Ẹ wá a kí ilẹ̀ tó mọ́."

Nígbà tí ìyá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ yíjú.

"Ọjọ́ mi ni, àbí? Ó dáa. Ẹ jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Ó rò pé wọ́n máa bínú lọ ni. Lọ́yà wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ju báàgì sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó tì í. Àṣẹ ẹni tó lọjọ́ ni.

Agogo ògiri ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ìjì, tí kì í dúró sójú kan bó bá tiẹ̀ ń sùn, di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó kó afẹ́fẹ́ sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ó di ọgbọ̀n. Bàbá ń retí ìró ẹsẹ̀ tó ń jáde, kò gbọ́ ọ. Nígbà tó pẹ́, ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ méjì mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu bàbá, ibùsùn mì.

"Ó tó, Ìjì. Sọ̀rọ̀ kóo má baà bẹ́."

"Bàbá, nígbà tí ẹ ń já bọ́, ṣé ẹ rí ilẹ̀?"

Ìyá na ọwọ́ láti bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ń dáhùn.

"Mi ò rí ilẹ̀. Ọwọ́ mi ni mò ń wò. Mo nà án, kò sí nǹkan kan tó lè dì mú. Tí mo bá ti dijú báyìí, ọwọ́ yẹn ni mò ń rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gun òrùlé. Ní báyìí, ẹ̀rù àtigun àga ń bà mí."

Láti ọjọ́ yìí wá, ìyàwó rẹ̀ rò pé ìrora ló ń bá a jà. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Lọ́yà dìde, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Ilé ẹjọ́ ti tú ká," ó ní. "Ẹ ò jẹ̀bi."

Bàbá fi etí aṣọ nu ojú. "Ta ló mọ ibi tí àwọn àgékù pákó mi wà? Ọjọ́ mi ò tíì tán."

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kékeré kan tí ọmọ méjì lè jókòó sí. Bàbá jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó ń pàṣẹ. Lọ́yà ń fa téèpù, ó ń fa ayùn. Ìjì ni ọ̀gá ìṣó. Iṣẹ́ náà ò tán lọ́jọ́ kan. Ìyá fi ọjọ́ tirẹ̀ tọrẹ, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó kan títí òun á fi jí, wọ́n sì ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ títí ọ̀sán fi rọ̀. Nígbà tí ògiri kan gùn ju èkejì lọ, Lọ́yà ní téèpù ló purọ́.

"Tún un wọ̀n," bàbá rẹ̀ ní. "Pákó kì í gbọ́ ẹjọ́."

Lọ́yà fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó sunkún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún pákó náà wọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku páànù. Òrùlé ilé náà kò ga ju èjìká ọkùnrin lọ, ìyá sì ti gbé òòlù láti kàn án. Ọkọ rẹ̀ mú ọ̀pá méjì tó fi ń rìn, ó dìde.

"Gbé e fún mi. Bá mi di ìbàdí mú."

Obìnrin náà dì í mú látẹ̀yìn. Ó mọ bí ara ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà tó fọwọ́ kan páànù. Ìṣó àkọ́kọ́ ká. Ìkejì ká. Ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ kí n ṣe é" ti dé ètè ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mì.

"Mú òmíràn wá," ọkọ rẹ̀ sọ fún Ìjì.

Ìkẹta wọlé, ìkẹrin tẹ̀ lé e. Ìjì ń kà á sókè títí ó fi pé méjìlá, lẹ́yìn náà ni bàbá jókòó, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi. Àwọn ọmọ ti wọ inú ilé náà, wọ́n ń jà sí ẹni tó máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé-ìwé wọlé. Nígbà tó yẹ, wọ́n tú ohun funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ bàbá. Ọjọ́ tó padà síbi iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹ̀rù òkè ń ba òun, kí wọ́n fún òun níṣẹ́ ilẹ̀ ná. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Kò wò ó. Oṣù méjì ló fi gé igi òrùlé nílẹ̀ fún àwọn tó wà lókè. Nígbà tó yá, ó délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọ ọwọ́, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun gun àkàbà lónìí.

"Àtẹ̀gùn mélòó?"

"Mẹ́rin. Mo sì tún sọ̀ kalẹ̀."

"Mẹ́rin dáa," obìnrin náà ní, ó sì bu oúnjẹ rẹ̀.