Páàdì Onípákó

Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀rọ géèmù ló sì ń tún ṣe: èyí tí èèrà kó sí nínú, èyí tí kò gba àwo géèmù mọ́, èyí tí ọmọdé da omi ọsàn sí. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń tú wọn, tó sì ń tò wọ́n padà.

Nínú gbogbo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sí èyí tó fẹ́ràn tó páàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ta géèmù. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú, tí ọwọ́ ọ̀tún kú mọ́ ọn lára, tí tòsì sì ń gbọ̀n. Obìnrin tí kì í sinmi wá di ẹni tó ń jókòó wo ògiri. Ni Ẹnjiníà bá wá pákó pẹlẹbẹ kan, ó to bọ́tìnì mẹ́fà sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ọmọrí ìgò. Ó tú ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lára maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, kó lè máa fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, èyí tó ń mú mọ́tò sáré. Láti ọjọ́ náà, géèmù ìdíje mọ́tò di oúnjẹ òòjọ́ fún un. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a sáré, ó ń já wọn sílẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún ìyá yín pé arúgbó ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo ló nà yín," á wí bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi lé lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ géèmù náà. Ẹ̀rọ ní kó dúró ná, iléeṣẹ́ tó ṣe òun fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ó dúró. Nígbà tó parí, ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n: A kò mọ ohun èlò yìí. Ẹ lo páàdì tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí. Ó tẹ bọ́tìnì títí, mọ́tò rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí mọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ẹnjiníà lọ́kàn. Nígbà tó máa débẹ̀, ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, èyí tó ń ta fóònù.

"Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ayé ti kúrò níbẹ̀. Ta ló tún ń gbé àpótí sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n? Orí fóònù ni géèmù wà báyìí. Màá ra ọ̀kan fún màmá."

"Ọwọ́ wo ni màmá ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fóònù ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́. Ẹnì kan ló jókòó síbi tá ò mọ̀, tó nawọ́ wọ pálọ̀ wa, tó tìlẹ̀kùn mọ́ wa. Bí mo bá ra àga lọ́wọ́ káfíńtà, ṣé káfíńtà á tún padà wá lọ́jọ́ kan, kó ní ìdí mi ò bá àga òun mu?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà. Ibẹ̀ tutù, gíláàsì ni gbogbo ògiri rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì na ara sórí àga, oníkálukú tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè: KÒ SÍ ÀPÓTÍ MỌ́. Ẹnjiníà gbé pákó rẹ̀ lé orí káúńtà, ó ro ẹjọ́ fún máníjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ má bínú, mà," ni máníjà wí. "Àwọn kan ń fi páàdì àtọwọ́dá ṣe ojóoró nínú ìdíje, ìdí nìyẹn tá a fi tì í pa."

"Ẹ̀gbọ́n mi yìí lẹ pè lólójóoró?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ti ń dàgbà, bóyá la tún máa ṣe irú ẹ̀. Ẹ wo èyí." Ó na fóònù kan tí géèmù mọ́tò wà lórí rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n.

Ẹnjiníà gbà á, ó dá a padà sí máníjà lọ́wọ́. "Ọwọ́ ọ̀tún yín ti kú. Ẹ fi òsì nìkan ṣe é ká wò ó."

Máníjà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Kọ́nà àkọ́kọ́ ni mọ́tò rẹ̀ ti kọlu ògiri. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kọlù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti dìde lórí àga, wọ́n ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Rọra, ọmọ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń le."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì mú kí ojú ti máníjà. "Èmi kọ́ ni mo ń ṣòfin, mà. Màá kọ̀wé sí wọn."

"Ẹ kọ ọ́ níṣojú wa."

Ó kọ ọ́. Ẹnjiníà kà á, ó ní kó pa ibi tó ti kọ pé oníbàárà kan ń ráhùn rẹ́, kó kọ ọ́ pé wọ́n ti ilé mọ́ onílé. Máníjà wò ó, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì kọjá, wọn ò fèsì. Ẹnjiníà ò kúkú káwọ́ gbera. Ó ra páàdì tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí, ó là á, ó yọ ọpọlọ inú rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, ó fi òjé jó o mọ́ wáyà pákó náà. Ẹ̀rọ gbà á bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, mọ́tò ẹ̀gbọ́n sì gbéra.

Síbẹ̀ ojú Ẹnjiníà ò túká. "Ó dà bí ẹni ń gba fèrèsé wọ ilé ara ẹ̀," ló wí.

"Mo ṣáà ti wọlé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì. "Gbé páàdì kejì, jẹ́ n nà ẹ́."

Ó nà án lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì, Ẹnjiníà gbé pátákó síta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: A Ń ṢE PÁÀDÌ FÚN ẸNI TÍ ỌWỌ́ RẸ̀ KÒ ṢIṢẸ́ DÁADÁA. ILÉEṢẸ́ KÒ FỌWỌ́ SÍ I. Ẹni mẹ́rin dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀kan nínú wọn, akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ò fọwọ́ kan géèmù rí láyé òun, ṣùgbọ́n inú ló bí òun nígbà tí òun gbọ́ ohun tí iléeṣẹ́ náà ṣe, ìyẹn lòun ṣe wá.