Wọn Kì í Gbé Obì Mì Lódindi

Nígbà tí Tawfiq gbọ́ pé Bàbá Ebenezer fẹ́ ti ìkànnì ayélujára wọn pa ní Sátidé, ó fò sókè débi pé bí kì í bá ṣe páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dá a dúró, inú òfúrufú ni wọn ì bá ti fi àkàsọ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Obì ló ń tà ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Bàbá Ebenezer ní tiwọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní Ìkẹ́nnẹ́. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn ṣì ń wọ bàtà ni wọ́n ti ń gba ohùn àwọn àgbà Rẹ́mọ sílẹ̀, inú kọ̀ǹpútà kan ní pálọ̀ wọn ni gbogbo ayé sì ti ń gbọ́ ọ. Ní báyìí, ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohùn Ìyá Ìdíátù, ìyá tó bí bàbá Tawfiq, wà níbẹ̀. Màmá náà kú kí wọ́n tó bí Tawfiq. Kò sí ohùn wọn níbòmíràn láyé, Tawfiq ò sì tíì gbọ́ ọ rí.

Ni ọ̀gbẹ́ni bá to fóònù àti kọ̀ǹpútà tó yá jọ bí ọmọ ogun, ó ní kí gbogbo wọn fa gbogbo ohùn náà wálẹ̀ láti orí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó sín, ìkànnì ti dákú.

Àbúrò rẹ̀, Hàmdálátù, ò tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé onílé, ẹ ò kí i, ẹ wá ti orí bọ àmù rẹ̀. Ẹ lọ bẹ bàbá."

Tawfiq di obì àbàtà sápò, ó gun ọ̀kadà. Òjìji rẹ̀ ṣì wà ní Ibido, ní Ṣàgámù, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wọ Ìkẹ́nnẹ́.

Ó bá Bàbá Ebenezer níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ kọ̀ǹpútà bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ẹ̀rọ náà gbóná tó èyí tí wọ́n lè fi yan bọ̀ọ̀lì. Wọ́n ní olè ló wọlé, àwọn ò sì ní í tan án mọ́ láéláé. Tawfiq dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ni olè ọ̀hún, ó gbé obì síwájú wọn.

Bàbá mú ẹyọ kan, wọ́n nà án sí i. "Gbé e mì."

"Lódindi, bàbá? Ṣé kó há mi lọ́fun ni?"

"Ohun tí o fẹ́ kí ẹ̀rọ mi ṣe kọ́ nìyẹn?"

Ẹni tó ń ta obì, obì ni wọ́n fi nà án. Ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya obì náà láwẹ́ láwẹ́, àfi bí ẹni pé iná tàn nínú ọpọlọ rẹ̀ lójijì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ya ohùn náà báyìí."

Ó pe Hàmdálátù, ìyẹn kó àwọn ọmọ Rẹ́mọ jọ lórí Wọ́tsáàpù. Kálukú yóò gba awẹ́ tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ máa mí. Ẹni tó bá sì ń wá awẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni kó lọ, kó má padà wá yọ bàbá lẹ́nu. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí kálukú kọ́kọ́ fi orúkọ ránṣẹ́, kí àwọn mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí Sátidé fi máa pé, gbogbo ohùn ti délé tuntun. Awẹ́ Ìyá Ìdíátù ni bàbá fún Tawfiq. Ṣọ́ọ̀bù ló ti tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, láàárín èrò, ohùn kan sì bú jáde tí páànù fi gbọ̀n:

"Ìwọ tí o ń fi èékánná họ obì mi, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya?"

Oníbàárà tó dúró níwájú apẹ̀rẹ̀ ju obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Tawfiq rẹ́rìn-ín títí omijé fi bò ó lójú, ó sì tún un tẹ̀.