Obìnrin Tó Sọ Ọ́ Lẹ́ẹ̀mẹrin

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Verlin Tackett tó kí ènìyàn ní kó wá bá òun wo ọkọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró nídìí káńtà iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Bakersfield. Òun kọ́ ni mẹkáníìkì. Òun ló ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, tó ń kọ ẹjọ́ wọn sínú ìwé, tó sì ń pè wọ́n bí iṣẹ́ bá parí. Ó ti fẹ̀yìn tì láti oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ Sátidé tí Corinne ọmọ rẹ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, Brandt tó ń tajà níbẹ̀ ò tíì kí wọn tán tí Verlin fi sọ fún un pé iṣẹ́ yìí lòun fi jẹun, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú, torí kò sí irọ́ kan nídìí ọkọ̀ tóun ò mọ bàbá tó bí i. Brandt rẹ́rìn-ín. Corinne náà rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ sì wú sí bàbá rẹ̀.

Jíìpù kékeré aláwọ̀ eérú ni ọkọ̀ tí Corinne fẹ́ rà. Ọdún méjì péré ló ti lò láyé, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì ti bu ẹgbẹ̀rún méje dọ́là kúrò nínú owó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi bù ú wà lára òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn pé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí ti rà á padà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, torí pé ó ń bàjẹ́, wọn ò sì rí i tún ṣe fún un. Ọsàn kíkan là ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní California. Iléeṣẹ́ lè tún un ṣe lẹ́yìn náà kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé mọ́ ọn lára, kó máa gbé àbùkù rẹ̀ kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Verlin fi ìka gbá ìwé náà, ó ní ká ní wọ́n ń lẹ irú ẹ̀ mọ́ ènìyàn níwájú orí ni, kò ní sẹ́ni tó máa níyàwó ní ìlú yìí.

Corinne ò ní àkókò púpọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà ní Santa Clarita, ní òdìkejì òkè tí à ń pè ní Grapevine, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ nínú ọgbà iṣẹ́ náà, nítorí náà Junie, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, ni yóò máa jókòó lẹ́yìn láràárọ̀ tí wọ́n á fi jọ máa gun òkè yẹn. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ ọ̀hún. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ nílé pé bí bàbá òun bá ti lè ní kò séwu, òun á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì ní kí òun má rà á, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún òun, torí òun ò lè rí ọkọ̀ tó dára báyìí ní iye yìí mọ́.

Brandt kó fáìlì ọkọ̀ náà jáde. Corinne mú ewé àkọ́kọ́, níbi tí iléeṣẹ́ ti jẹ́wọ́ ohun tó ṣe ọkọ̀ náà àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Verlin mú àwọn tó kù, ìyẹn àwọn ìwé ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ lé imú bí adájọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú àkọ́kọ́ nìyí: *Oníbàárà ní ọkọ̀ ń kú mọ́ òun lọ́wọ́ lórí òkè Grapevine. A wò ó. A kò rí ohun tó sọ.* Ó ṣí èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ, nítorí náà kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó lè mọ̀ pé Verlin Tackett ló kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rọra ṣe ìwé náà pọ̀, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹni tí ò bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí á rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n kọ. Iye iṣẹ́ tí mẹkáníìkì bá parí ni wọ́n ń sanwó fún un lé lórí. Kò sẹ́ni tó ń sanwó wíwá ohun tó ṣe ọkọ̀ fún un. Ọkọ̀ tó bá wá ní àìsàn tó ń fara pamọ́, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń gbé e sí fún ọjọ́ méjì, ẹnì kan á wà á lọ ra dónọ́ọ̀tì ní ìkọ́ríta kó tó wà á padà, ẹni tó wà nídìí káńtà á sì kọ ọ́ pé a kò rí i. Kì í ṣe irọ́, àbí? Ẹni tí kò wá nǹkan, níbo ni yóò ti rí i?

Verlin rántí obìnrin náà dáadáa, ìyẹn ló sì burú jù. Marisela Quiroz lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nínú àga ọmọdé lẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo ìgbà ló sì ń to ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní orí òkè yẹn nìkan ni, bí oòrùn bá mú, bí òun bá ti wakọ̀ tó bí ogójì ìṣẹ́jú, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́. Ó ní nǹkan á kọ́kọ́ dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ sítíárìn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á kú pátápátá láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kí ni Verlin wá ṣe? Ó bi í bóyá bàtà onígìgísẹ̀ ló ń wọ̀ wakọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní kí ọkọ rẹ̀ gbé e wá, bóyá ìyẹn á lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bó ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Verlin kọjú sí àwọn mẹkáníìkì, ó ní, "Ìyá Olókè ti dé o," gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó sunkún níwájú káńtà. Verlin fún un ní tíṣù, ó sì na bírò sí i pé kó fọwọ́ sí ìwé.

"Dádì, kí lẹ rí níbẹ̀?" ni Corinne bi í.

"Ìwé lásán ni," ni Verlin dáhùn.

Ojú tì í débi pé kò lè gbé e sókè wo ọmọ rẹ̀. Brandt ní kò séwu, pé iléeṣẹ́ ti pààrọ̀ gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ sítíárìn, wọ́n sì ṣe onídùúró rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Verlin di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tómi ń gbé lọ ṣe ń di koríko mú. Ó lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n lè ti tún un ṣe. Bí ọkọ̀ náà bá gun òkè yẹn láìkú, a jẹ́ pé ó ti sàn, Corinne á ra ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, òun náà á sì gbé ọ̀rọ̀ Marisela Quiroz wọ sàréè. Ó ní kí Brandt fún òun ní kọ́kọ́rọ́, òun fẹ́ wà á lọ sórí Grapevine, kí Corinne jókòó síbí kó máa mu kọfí.

Corinne ní kí lòun fẹ́ jókòó ṣe. Òun lòun fẹ́ rà á, òkè yẹn náà lòun á sì máa gùn lójoojúmọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Verlin ì bá sọ tí Corinne ì bá fi bọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ènìyàn á máa bẹ̀rù kí ojú má ti òun, á wá ṣe ohun tí ojú á fi tì í títí tó fi máa kú.

Ìhà gúúsù ni wọ́n dorí kọ. Oòrùn ń jó ọ̀nà, oko álímọ́ńdì lọ rẹrẹrẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, amúlétutù sì ń fẹ́ wọn lójú. Corinne ń sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó ní obìnrin kan níbi iṣẹ́ tuntun náà ti kìlọ̀ fún òun pé kóun má ra ọsàn kíkan, òun wá dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ òun jẹ nídìí ọkọ̀ á kọ́kọ́ rẹ́ bàbá òun jẹ. Ọ̀rọ̀ náà wọ Verlin lára bí abẹ́rẹ́. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti yà kúrò ní títì ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á yà níbí, òun á dúró, òun á sì sọ ọ́. Ó ka márùn-ún, kò yà níbì kankan.

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, Corinne rí pátákó tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ pé kí awakọ̀ pa amúlétutù kí ọkọ̀ má baà gbóná jù. Ó nawọ́ láti pa á. Verlin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀."

Corinne wo ojú rẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Verlin bọ́ sápá ọ̀tún pátápátá, ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, nítòsí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Wọ́n gùn, wọ́n gùn. Ó ti kọjá ìdajì òkè, ọkàn rẹ̀ sì ti fẹ́ máa balẹ̀, kó tó gbọ́ ọ lábẹ́ sítíárìn, kẹ́kẹ́kẹ́, bí ẹyẹ tó ń fi àgógó gbá páànù.

"Corrie, di ìlẹ̀kùn mú. Ó fẹ́ kú."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí gbogbo iná tó wà lẹ́yìn sítíárìn fi tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkọ̀ náà sì kú. Sítíárìn le gan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fọn fèrè kíkankíkan, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá débi pé jíìpù náà mì. Verlin fi gbogbo agbára ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì dúró. Àwọn méjèèjì gba ìlẹ̀kùn ọ̀tún jáde, wọ́n fo irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n dúró sínú koríko gbígbẹ. Corinne kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó fẹ́ kú?"

"Obìnrin kan ló sọ fún mi," ni Verlin wí. "Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀yìn ògiri àti ti dónọ́ọ̀tì, ó sọ ti bàtà onígìgísẹ̀, ó sọ orúkọ tó fún obìnrin náà. Kò fi ìkankan bò, torí kò tún sí ohun tó kù tó ń dáàbò bò. Corinne bi í léèrè.

"Ṣé ọmọ wà nínú ọkọ̀ obìnrin yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ sì mọ̀ kí n tó wọlé."

"Mi ò mọ̀ dájú, Corrie. Mo rò pé bóyá wọ́n ti ṣe é."

"Ẹ mọ̀ débi tí ẹ fi ní kí n jókòó máa mu kọfí."

"Ojú ló tì mí," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ pé irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn."

"Ká ní Junie wà lẹ́yìn ńkọ́?"

Corinne rìn lọ jókòó sórí òkúta kan níwájú, ó kẹ̀yìn sí i, ó pe Brandt lórí fóònù, ó ní òun ò ra ọkọ̀ náà mọ́, kí wọ́n wá gbé e. Wákàtí kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀ nínú oòrùn, àgbà ọkùnrin dúró sí ọ̀tọ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀tọ̀.

Ọkọ̀ tó máa fà wọ́n dé nígbà tó yá. Ọkùnrin tó wà á wá jẹ́ ọ̀dọ́langba onírùngbọ̀n pupa, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ó fún wọn lómi tútù kó tó mú ìwé rẹ̀ jáde pé kí ló ṣẹlẹ̀. Corinne sọ fún un. Ó ní oòrùn mú, wọ́n ti wakọ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú, amúlétutù ń ṣiṣẹ́, nǹkan kọ́kọ́ dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ sítíárìn, ó wá kú pátápátá. Ọkùnrin náà ń mi orí pé òun gbọ́. Nígbà tí Corinne sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó sì wo Verlin.

"Ọ̀gá, kí ló ṣe é gan-an?"

Ojú ọ̀nà ni Corinne ń wò.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tó sọ ni?" ni Verlin wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an."

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Corinne gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sáàárín òun àti bàbá rẹ̀.