Ewé Abẹ́ Igi Obì Sìlífátù

Láti ìgbà tí Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ gbígbá ni Dàwódù ń jí sí. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á mú ìgbálẹ̀ lọ sábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Agége, á gbá gbogbo ewé gbígbẹ jọ, á sun ún. Suara, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Jọ́ọ̀sì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Sìlífátù ló gbin igi náà. Dàwódù sì ti pinnu pé obì orí rẹ̀ ni wọn yóò pín níbi àdúrà ọdún kan olóògbé, kì í ṣe obì ọjà.

Igi tanná, òdòdó bo ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n kò so. Òdòdó rẹ̀ dànù, Dàwódù sì gbá òun náà.

Nígbà tí àdúrà kù fẹ́ẹ́fẹ́, Àdùkẹ́, àbúrò olóògbé, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wo igi, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá Suara, ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ha nìyí? Èèrà pàápàá yóò bọ́ bàtà kó tó kọjá!"

"Àlejò ń bọ̀. Wọn kò ní bá ìdọ̀tí nílé Sìlífátù."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbá abẹ́ igi yìí."

Dàwódù rántí. Ìjà ọdọọdún wọn nìyẹn. Òun a ní ewé jíjẹrà ń kó kòkòrò wálé. Sìlífátù á rẹ́rìn-ín: "Àwọn eṣinṣin kéékèèké inú ewé yẹn ló ń bá obì gbẹ̀bí. Òórùn òdòdó ló ń pè wọ́n. Ẹ fẹ́ lé agbẹ̀bí, kí ẹ sì máa retí ọmọ?"

Dàwódù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wa ilẹ̀. Ilẹ̀ le bí ojú títì. Kò rí ekòló kan. Lápá Ìkẹjà, katakata ń ké, wọ́n ń hú igbó kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́. Kò sí ibi tí kòkòrò mìíràn yóò ti wá.

Obì ọjà ni wọ́n pín lọ́jọ́ àdúrà. Dàwódù kò jẹ níbẹ̀.

Nígbà tí Àdùkẹ́ padà sílé, ilé tún dá. Láàárọ̀, Dàwódù mú ìgbálẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó dúró. Ó fi í há àjà, ó fa àpótí sábẹ́ igi, ó jókòó. Ewé kan bọ́ lé e léjìká.

Kò gbọ̀n ọ́n nù.